Òkété Tó Dé Fìlà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí àpótí ni mo ní láti dúró lé kí n tó lè rí òdìkejì pátákó, inú ilé ìbọn ni mo ti máa ń lo ìsinmi iléèwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí agbègbè Ìkẹjà àti Agége lásìkò tiwa yóò rántí ọgbà ìṣeré kan tó wà lọ́nà Àgídìngbì, tí ẹṣin onígi ń yí po nínú rẹ̀, tí gúgúrú sì ń ta pàù-pàù lẹ́nu ọ̀nà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́, òórùn bisikíìtì á bo gbogbo ibẹ̀, ebi á sì máa pa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

Ìyá mi ló ń tọ́jú ilé ìbọn tó wà nínú ọgbà náà. Ẹ má rò ó sí nǹkan ńlá. Ṣọ́ọ̀bù onípákó kan ni. Wọ́n fi ṣéènì so ìbọn mọ́ pátákó iwájú, ọta rẹ̀ ò ju hóró ẹ̀wà lọ, ẹni tó bá sì yìn ín dáadáa á gba súìtì tàbí bọ́ọ̀lù rọ́bà. Àwọn tí ìyá mi bá lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún wọn pé ìgò òfìfo ni wọ́n ń tò síbẹ̀ nígbà tí ọgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Nígbà tí àfọ́kù ìgò gé ọmọ kan lẹ́sẹ̀, wọ́n kó ìgò kúrò, wọ́n ní kí wẹ́dà gé páànù ní àwòrán ènìyàn. Àwọn ènìyàn páànù yìí ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n dé fìlà, wọ́n fi ọ̀dà kun irùngbọ̀n fún wọn. Bí ọta bá bà wọ́n, wọ́n á ṣubú sẹ́yìn gbàà, ìyá mi á fa okùn, wọ́n á tún dìde.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi àkísà nu ojú wọn láàárọ̀ kí èrò tó dé. Mo ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Èyí tó sanra, tí imú rẹ̀ ti hó, orúkọ tíṣà wa ni mo fún un. Ìyá mi ò fẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn rárá. Lọ́jọ́ tí mo dán an wò, mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù títí àwọn tó wá ra gúgúrú fi bá mi bẹ̀bẹ̀. Ìyá mi ní ohun tí a ò bá fẹ́ kó mọ́ ọmọ lára, a kì í fi kọ́ ọ ní ìṣeré. Mi ò jẹ́ bi wọ́n léèrè pé ọmọ ta ni wọ́n ń gbé ìbọn fún láti àárọ̀.

Oko Ọba là ń gbé, nínú ilé kan tó kún fún ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi ti kú nígbà yẹn, iṣẹ́ ilé ìbọn yẹn là ń jẹ. Nínú yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn ni Bàbá Sójà wà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Ìkẹjà. Wọ́n ti jagun nígbà ogun abẹ́lé, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ló ń gẹrun fún gbogbo ọmọkùnrin ilé, àwọn náà ló máa ń ra wàrà bọ̀ fún wa lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní tó wà nítòsí ọjà màlúù.

Ọdún Iléyá kan, lẹ́yìn tá a ti jẹ ẹran débi pé ẹnu wa ń dán, Bàbá Sójà kó gbogbo ọmọ ilé lọ sí ọgbà. Nígbà tá a dé ilé ìbọn, àwọn ọmọkùnrin ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yìn ín, kí àwọn rí bí sójà gidi ṣe ń ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojú àwọn ò ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ìyá mi. Gbà, gbà, gbà, gbogbo ènìyàn páànù ṣubú, kò ku ẹyọ kan. A hó yèè. Ìyá mi fa okùn, àwọn páànù dìde. À ń ké pé kí Bàbá Sójà tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ wa. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wo àwọn páànù náà, omi ń bọ́ lójú wọn. Mi ò rí àgbà ọkùnrin tó ń sunkún rí, nítorí náà mo rò pé eruku ló kó sí wọn lójú.

Ìyá mi rọra gba ìbọn náà, wọ́n sì fi Bàbá Sójà jókòó sórí àpótí mi. Bàbá Sójà nawọ́ sí àwọn páànù náà.

"Ìyá Sìdí, ẹni tí èmi yìnbọn lù lójú ogun, okùn kankan ò fà á dìde. Ó nírùngbọ̀n bíi tàwọn yìí."

Lẹ́yìn ọdún, ìyá mi lọ bá máníjà ọgbà pé kí wọ́n pààrọ̀ àwọn páànù náà. Máníjà béèrè bóyá páànù ló fẹjọ́ sùn wọ́n. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá ti sú wọn, èrò tó ń wáṣẹ́ kún ìta. Nígbà tí Bàbá Sójà gbọ́, wọ́n wá sí yàrá wa, wọ́n bẹ ìyá mi pé kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn, pé ọmọ òrukàn ni wọ́n ń tọ́. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo, wọn ò gbójú sókè.

"Kì í ṣe tiyín nìkan, Bàbá Sójà. Èmi ni mò ń fa okùn yẹn."

Ní Mọ́ńdè tí ọgbà kì í ṣí, ìyá mi tú àwọn ènìyàn páànù, èmi àti wọn rù wọ́n lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Agége, ó sì tún wọn gé sí ẹranko: àparò, ìgalà, ehoro. Ó gbàgbé láti gé fìlà orí tíṣà mi kúrò, bó ṣe di òkété tó dé fìlà nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ rí i, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Máníjà dé, ó dúró lẹ́yìn èrò, ó wò ó títí. Kò lé ìyá mi, ó sì jẹ́ kí àwọn ẹranko dúró, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí kì í gbọ́ràn ò lè tọ́jú ìbọn. Ó fi ẹlòmíràn síbẹ̀, ó gbé ìgbálẹ̀ lé ìyá mi lọ́wọ́. Ọgbà yẹn ni wọ́n gbá títí wọ́n fi tì í pa. Mi ò gbọ́ kí wọ́n kábàámọ̀ rí. Ní gbogbo Iléyá tó tẹ̀ lé e, Bàbá Sójà ṣì ń kó wa lọ. Wọn ò fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Wọ́n á jókòó ti ìyá mi lábẹ́ igi, àwọn méjèèjì á máa jẹ gúgúrú.

Lónìí, ilé ìkẹ́rùsí ló wà níbi tí ọgbà náà wà, ọkọ̀ àjàgbé ló ń wọlé níbi tí ẹṣin onígi ti ń yí. Bàbá Sójà ti jáde láyé. Àwọn ọmọ tiwa ò sì nílò ọgbà mọ́ kí wọ́n tó yìnbọn; inú fóònù ni eré ìbọn wà. Mi ò ní pé ìgbà tiwa sàn jù, a jẹ ẹgba nígbà náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló ń gbé ìbọn fún ọmọ nígbà yẹn, òun náà ló ń gbà á padà, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ láàárín, ojú gbogbo wa ló ń ṣe. Ọmọ mi ọkùnrin ń dá yìn ín ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, ó ki nǹkan bọ etí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìró rẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo dìde láti lọ gba fóònù náà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò gbà á mọ́. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo ní kó yọ ohun tó wà létí rẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà, ó yọ ọ́.