Idà Orí Ògiri Uncle

Òórùn òróró tí a fi ń pa irin lára kò lè kọjá nímú mi kí n má rántí ọdún tí mo ba ilé onílé jẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù ohun àtijọ́ kan ní Peckham ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lọ́dọ̀ òyìnbó arúgbó tó ń ta idà àwọn ológun ẹlẹ́ṣin Faransé. Ilẹ̀ ló gbà mí láti máa gbá, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní ẹ̀yìn idà tí kò mú ni kí n máa wò, ibẹ̀ ni wọ́n ń fín ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ sí, pẹ̀lú oṣù àti ọdún. Kò pẹ́ tí mo fi di ọ̀jọ̀gbọ́n lójú ara mi.

Yàrá ìjókòó Uncle tó gbà mí sílé ni mo ń sùn, lábẹ́ irú idà bẹ́ẹ̀ kan. Uncle ní bàbá ńlá wọn ló gbà á lọ́wọ́ ọmọ ogun Faransé níhà Kétu. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tí wọ́n bí sí London, kì í fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa ilé lọ́hùn-ún, àfi ìtàn idà yẹn. Á jókòó ti bàbá rẹ̀, á ní, "Daddy, ẹ sọ ti idà." Okùn kan ṣoṣo tó so ó mọ́ wa nìyẹn. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun wọn yà sílé lẹ́yìn ìsìn, Uncle sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. N kò mọ ohun tó gún mi ní kẹ́sẹ́. Mo já idà náà kúrò lára ògiri, mo fi aṣọ nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo ka ọdún ibẹ̀ sókè. Lọ́dún tí wọ́n rọ ọ́ náà, bí Uncle fúnra wọn ti máa ń sọ ìtàn ọ̀hún, bàbá ńlá wọn ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́. Mo tún ń ṣàlàyé fún wọn, òpònú èmi!

"So, irọ́ ni, Daddy?" Ọmọ náà dìde, ó gba yàrá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Uncle bá mi ní kíṣíìnì. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé o rò pé mi ò lè kàwé ni? Forest Hill ni mo ti rà á, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Ọjọ́ tí ọmọ yìí sunkún dé láti school, pé wọ́n ní àwa aláwọ̀ dúdú ò ní ìtàn kankan, ni mo rà á. O ṣeun, ọ̀mọ̀wé."

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo mọ òwe yẹn láti ilé, aṣọ tuntun ló ń pa mí bí ọtí.

Uncle kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọbìnrin wọn wá síbi ìsìnkú láti Brockley, ẹ̀yìn ló jókòó sí, kò sì dúró di ìparí ìsìn. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé idà náà lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, Bọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ mọ ọdún ẹ̀."

Ó wà lórí ògiri mi báyìí. Níjọ́sí ni ọmọ tèmi bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní bàbá ńlá wa ló gbà á lójú ogun. Ó yí i padà, ó ka ọdún ẹ̀yìn rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín.