Ẹni Tó Ń Sọ Bọ́ọ̀lù Ṣáájú Mi

Mi ò mutí o. Mi ò fi ẹnu kan sìgá rí láyé mi. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara yín lójú, nítorí mo mọ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe tí mo bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró. Ìrọ̀lẹ́ ni, kì í ṣe òru. Orí pápá bọ́ọ̀lù kan ni, láàárín ojú irin àti ọgbà ilé iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà, èrò sì kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹ gbà mí gbọ́.

Ayé òyìnbó ni, ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni mo ti ń ṣe akọ̀wé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa bá wọ pápá, èmi ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n á gbé máìkì síwájú mi, èmi á máa sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Lẹ́yìn ògiri pápá, wọ́n gbé lọ́sípíkà kan kọ́ sórí òpó gíga, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ìwo, kí àwọn tí kò rí àyè wọlé lè máa gbọ́.

Ẹ ò lè mọ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó lábẹ́ òpó yẹn. Àwọn kan á ti inú oko obì wá láti Agége, àwọn kan á sá kúrò nídìí iṣẹ́ ojú irin. Wọn ò rí pápá rárá. Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ríran.

Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn. Bọ̀dá Múfú ni. Télọ̀ ni wọ́n, ọmọ Ọ̀yọ́, èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

"Ẹni tó bá ṣáà ti lẹ́nu lè sọ bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ jẹ́jẹ́," wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Ibi tí nǹkan bá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ gan-an la ti ń mọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni. Tí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ ilé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ gbiná. Ti Bọ̀dá Múfú kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ohùn wọn á lọ sílẹ̀. Wọ́n á wúkọ́ díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ dákẹ́ ná." Gbogbo èrò abẹ́ òpó á dákẹ́ rọ́rọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, wọ́n á pe orúkọ ẹni tó gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á wá pa ẹnu mọ́. Wọ́n á na máìkì sí àwọn èrò inú pápá, kí ariwo tinú lè lọ bá ti ìta.

Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sáré ṣáájú bọ́ọ̀lù. "Má pè é ní gólì tí kò bá tíì kọjá ìlà. Ohun tó bá ti jáde lẹ́nu rẹ, àwọn èèyàn ìta yẹn ti rí i nìyẹn."

Ibà ló pa wọ́n. Ìgbà òjò ni, àìsàn náà kò tiẹ̀ pẹ́. A sin wọ́n sí Agége, èmi náà bu yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn ilé iṣẹ́ àti ìlú àyíká dé, ilé iṣẹ́ ní kí n bọ́ sórí àga Bọ̀dá Múfú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àbúrò mi, Ṣínà, torí tirẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Òun ló ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ wa. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Nígbà tí Màmá ń padà sí Ìjẹ̀bú, wọ́n mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi lé tèmi. Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Agége, èmi, òun, àti ìyàwó rẹ̀ Bísí, tó wà nínú oyún nígbà yẹn.

Ọjọ́ tí a fẹ́ gbá àṣekágbá, ẹgbẹ́ Agége la bá pàdé. Òjò ti ṣú, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Tábìlì mi kò jìnnà sí ilé tí Ṣínà máa ṣọ́ ní abala kejì eré. Jímọ̀, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àti bátìrì rẹ̀, gbé ohun ìbotí tí Bọ̀dá Múfú máa ń lò fún mi, ife dúdú méjì tí a fi ń bo etí kí a lè gbọ́ ohùn ara wa nínú ariwo. Mo dè é mọ́rí.

Rẹfirí fọn fèrè. Mo ní, "Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ o."

Ohùn kan sì sọ létí mi, wẹ́rẹ́, "Délé gbà á. Ó fún Gàníyù, àṣìṣe ni."

Mo wo pápá. Bọ́ọ̀lù kò tíì dé ọ̀dọ̀ Délé. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Délé, tiwa, fẹ́ fún ẹnì kejì rẹ̀, ló bá gbá a sí ẹsẹ̀ Gàníyù, ọmọ Agége.

Mo rò pé etí mi ló ń hó. Mo wo Jímọ̀. Ó ń jẹ ẹ̀pà tirẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ohùn náà ń bá a lọ. Gbogbo ohun tó bá sọ, bọ́ọ̀lù á ṣe é. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ikọ́ kékeré kan, irú èyí tó máa ń ṣáájú orúkọ. Ohùn Bọ̀dá Múfú ni. Èmi tí mo bu yẹ̀pẹ̀ sórí wọn ni mò ń sọ fún yín bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò bọ́ ohun náà kúrò létí. Mo gbé ọwọ́ sókè láti bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ohùn yẹn, ó sì ń dùn. N kò sọ bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí. N kò ṣi orúkọ pè, n kò kólòlò. Mò ń gbọ́ bí àwọn èrò ìta ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tó ní, "Ẹ dákẹ́ ná," èmi náà ní kí wọ́n dákẹ́. Délé gbá a wọlé. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo na máìkì, ariwo ta.

Nígbà tó yá, Agége dá gólì náà padà. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí ni ẹnìkan nínú tiwa fi ẹsẹ̀ gbé Gàníyù ṣubú níwájú ilé. Pẹ́nátì!

Gàníyù gbé bọ́ọ̀lù, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀. Ṣínà ń nu ọwọ́ lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ohùn létí mi wúkọ́.

"Gàníyù gbá a. Ṣínà fò sí apá òsì. Ó mú un! Ṣínà mú un!"

Inú mi ti fẹ́ dùn. Ló bá tún ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "Ẹ dákẹ́ ná."

N kò gbọ́ kí Bọ̀dá Múfú sọ ọ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti parí rí.

"Ó fi orí sọ òpó. Ẹ̀jẹ̀ ń ti etí rẹ̀ jáde. Wọ́n ń pè é, kò dáhùn. Ọmọ náà ti kú."

Lórí pápá, Gàníyù ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Mo fi ọwọ́ bo máìkì. Mo ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń tọrọ ẹ̀mí ara rẹ̀.

"Bọ̀dá Múfú, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ìyá mi ni. Ẹ sọ nǹkan mìíràn. Ẹ ní ó wọlé. Ẹ ní ó lọ sókè. Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá mi."

Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní àkọ́sórí. "Gàníyù gbá a..."

Mo fẹ́ sáré wọ pápá, ṣùgbọ́n Gàníyù ti ń fẹ̀yìn rìn láti wá gbá a. Ẹnu nìkan ló kù fún mi. Mo ká ọwọ́ kúrò lórí máìkì, mo figbe bọnu.

"Ṣínà! Má fò! Ṣínà, jẹ́ kó wọlé! Nítorí Màmá, má kúrò lójú kan!"

Gbogbo èrò yí ojú sí mi. Ṣínà náà wò mí. Gàníyù ti ń sáré bọ̀. Ohùn létí mi ń lọ sókè, ó fẹ́ bo tèmi mọ́lẹ̀, mo sì ń pariwo lé e lórí, itọ́ ń ta lẹ́nu mi, omijé ń dà lójú mi, "Má fò! Má fò!"

Gàníyù gbá a. Ṣínà dúró gbagidi bí igi. Bọ́ọ̀lù gba apá òsì rẹ̀ kọjá wọlé.

A pàdánù ife. Àwọn tiwa ń bú mi, ẹnìkan ju bàtà lù mí. Kò kàn mí. Àbúrò mi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, òjò ń pa á. Mo bọ́ ohun yẹn kúrò létí, mo sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo kíyè sí i pé ìta dákẹ́. Ẹ sì rántí pé àwọn ará Agége ló pọ̀ jù níta yẹn, àwọn ló sì gba ife. Kò sẹ́ni tó hó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹkún. Ẹkún obìnrin lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ti gbogbo wọn.

Wọ́n já ilẹ̀kùn ọgbà wọlé. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin ló ṣáájú, ó ti ṣí fìlà.

"Ẹ gbé e ká rí i," Bàbá sọ fún mi.

Mo ní, "Ta ni, Bàbá?"

"Ọmọ tó kú. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé."

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá."

Bàbá wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. "Ìwọ náà lo sọ ọ́. Ohùn rẹ la gbọ́. O ní ó mú un, a ṣe hàà. O wá ní ká dákẹ́. O ní ẹ̀jẹ̀ ń ti etí rẹ̀ jáde."

Ohùn mi o! Wọn ò gbọ́ "má fò" kankan. Jímọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ ọ, gbogbo inú pápá gbọ́ ọ, ẹ̀rọ kan náà ni, máìkì kan náà ni. Àwọn ará ìta kò gbọ́ ọ.

Ṣínà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, inú ń bí i. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n fẹ̀yìn rìn. Obìnrin kan ṣubú. Jímọ̀ fi ẹ̀rọ àti bátìrì sílẹ̀ nínú òjò, kò sì padà síbi iṣẹ́ mọ́.

Ìròyìn ti gun kẹ̀kẹ́ dé Agége kí a tó dé. A bá Bísí nílẹ̀, àwọn obìnrin dì í mú. Bí Ṣínà ṣe yọjú, agbo ilé tú ká. Bísí nìkan ni kò sá. Ó gbé orí ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kiri, bí ẹni tó ń wá ojú ọgbẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n lé mi níbi iṣẹ́. Wọ́n ní mo ta bọ́ọ̀lù fún Agége.

Mo lọ bá ìyàwó Bọ̀dá Múfú. Wọ́n fà mí lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Ọkọ mi náà máa ń gbọ́ ọ," wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ní àwọn kọ́ ni àwọn ń sọ bọ́ọ̀lù yẹn, pé àwọn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Wọ́n ní ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ rí ni."

Mo bi wọ́n pé ta lẹni yẹn.

"N kò mọ̀ ọ́n, àbúrò. Ìgbà tó pe orúkọ tiwọn ni wọ́n dùbúlẹ̀ àìsàn."

Ṣínà kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Orí ń fọ́ ọ, apá òsì nìkan, kò sí oògùn tó ran án. Lọ́jọ́ kan tí a jọ jókòó jẹun, ó gbé òkèlè sílẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ó dá yín lójú pé mi ò fò?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú. Ojú mi ló ṣe."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo rántí pé mo fò," ó ní. "Mo rántí bí bọ́ọ̀lù yẹn ṣe tutù lọ́wọ́ mi."



Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ nínú máìkì, mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ń dé ẹnu yín kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, tí ó sì ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ má ṣe dúró gbọ́ orúkọ tó máa pè tẹ̀ lé e.