Ìgbésẹ̀ Mẹ́ta sí Ẹní Aláìsàn

Ìwé kan tún ti wà lára ògiri ilé ìgboògùn wa ní Ìwó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo rí i, nígbà tí mo lọ gba oògùn ibà fún àbíkẹ́yìn mi. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò tíì gbẹ. Ó ń rùn kíkan, òórùn rẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ti oògùn apakòkòrò tí wọ́n máa ń dà sí kòtò ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ikọ́ tó ń ràn tún ti ń bọ̀ láti apá Ìbàdàn, pé kí olúkúlùkù ṣọ́ra, àti pé wọ́n ń fẹ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé tí yóò yọ̀ǹda ara wọn láti máa bẹ aláìsàn wò nílé. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà máa dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí ẹni tó bá dùbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀ níbẹ̀ sí ti ọdún 1957. Ọdún méjì gbáko ti kọjá, wọn kò sì rí nǹkan kan kọ́. Inú ń bí mi títí mo fi délé, ìdí sì nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú lọ́dún náà á rántí. Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà tí ikọ́ náà wọlé. Agbo ilé kan á sùn láàlàáfíà, bí ilẹ̀ bá mọ́, èèyàn mẹ́fà kò ní lè dìde. Ara wọn á gbóná, eegun á máa ro wọ́n, àyà wọn á máa dún bí ìkòkò tó ń hó. Ọ̀gá wolé-wolé kò lè wọ inú ilé àwọn ààfáà, nítorí àwọn ìyàwó wọn wà ní ẹ̀hà, ọkùnrin àjèjì kò sì gbọdọ̀ rí wọn. Ọmọbìnrin nìkan ló lè wọlé tọ̀ wọ́n. Bí wọ́n ṣe wá kó àwọn ọmọ wa láti ilé-ìwé nìyẹn, méjì méjì. Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wà nínú wọn. Ẹnì kejì rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin oníyọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù mi bí.

N kò fẹ́ kó lọ. Mo ní kó sọ pé inú ń run òun. Ó wò mí, ó ní, “Màámi, ta ni yóò wá pọnmi fún wọn?” Aránṣọ ni mí. Mo gé aṣọ funfun, mo ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po mẹ́rin, mo fi okùn méjì sí i tí yóò so sẹ́yìn orí kó lè bo imú àti ẹnu rẹ̀, mo sì rán òmíràn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo se omi sínú ìgò fún un. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má jẹun níta, kó má mumi níta, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá kó tó fọwọ́ kan àwọn àbúrò rẹ̀.

Àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́. Wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń po ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n ń fọ aṣọ tí òógùn ti mú gan, wọ́n sì ń pín oògùn gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wọn. Wọ́n á gbé àwo kalẹ̀, wọ́n á sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á wá kí aláìsàn lóòró.

Ìkí lóòró yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀gbọ́n ààfáà kan, obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ, wá dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

“Ìyá oníwèé! Ṣé ẹ kì í kọ́ ọmọ nílé yín ni? Ọmọ yín dúró gbagidi lé ìyá wa lórí bí ọlọ́pàá! Ó faṣọ dínu, ó gbé àwo síwájú wọn bí ẹni ń bọ́ adìẹ!”

Oníata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dáhùn kí n tó lanu. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìwé tí wọ́n kà ti gan mọ́ wọn lórúnkún, kò lè ká mọ́.”

Ẹ̀rín bú sọ́jà. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo bẹ obìnrin náà, ojú sì tì mí débi tí n kò lè rán aṣọ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ mi ṣe dé, n kò jẹ́ kó jókòó.

“O fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín lọ́jà, àbí?”

“Màámi, wọ́n ní ká dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni.”

“Ṣé ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló bí ọ ni? Lọ́la, kí o kúnlẹ̀ kí wọn. Kí o sì ṣí aṣọ yẹn kúrò lẹ́nu kí o tó kí àgbà.”

Ó ní, “Ẹ má bínú, mà.” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, èmi tí mo fọwọ́ ara mi rán aṣọ náà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Ó tún sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyá ààfáà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá tán, mo tẹ́ ẹní sílé, mo ní kí ọmọ mi kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi téèpù wọn àárín ojú rẹ̀ àti ibi tí orí aláìsàn máa ń wà: ínṣì mẹ́rìndínlógún. Ẹ sì mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ wa kì í ṣe kíá. Àgbà á gbé ọwọ́ lé ọ lórí, á máa súre, o kò sì gbọdọ̀ dìde kó tó parí. Ìyá arúgbó náà ń súre, ó ń húkọ́, ó tún ń súre. Àwọn ọmọ náà la ẹnu, wọ́n ń ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi dùbúlẹ̀. Mo gbé aago síwájú mi, mo ń ka bó ṣe ń mí, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kà á kó tó lè jókòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọjọ́ kẹsàn-án. Lọ́jọ́ kẹfà ni mo gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ láti òdìkejì ọ̀nà, mo sì mọ igbe ohun tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi.

Ọ̀gá wolé-wolé gun kẹ̀kẹ́ wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ọmọ méjèèjì kò tẹ̀lé ìlànà.

Mo ní, “Ọ̀gá, ìlànà yẹn, ṣé ẹ sọ ọ́ fún àwọn àgbà tó wà lórí ẹní?”

“Ìyá, àwọn ọmọ ni a fún ní ìlànà.”

“Ẹ ní kí ọmọ máa dúró, ẹ kò sọ fún àgbà pé dídúró ni ọmọ máa dúró. Nínú ọmọ àti àgbà, ta ni ẹ rò pé yóò gba ti ẹnì kejì?”

Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ń bí mi títí dòní. Inú oníata ń bí mi, inú aládìrẹ náà sì ń bí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka gbogbo wọn tán, ara mi ni mò ń kàn. Ìtìjú ọjà ọjọ́ kan péré ni mo sá fún. Ìyá ọmọ yẹn ṣì ń ta iyọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán mi, ó sì ń kí mi láràárọ̀ pé, “Ìyá aránṣọ, ọmọ wa ńkọ́?” Kò mọ ẹni tó ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Kò mọ̀wé; ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ni yóò ka èyí fún un kí n tó rí ẹnu sọ ọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kó mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ikọ́ yìí bá dá dùbúlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ní kété tí ọmọ bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ fún un pé, “Má kúnlẹ̀. Dúró níbẹ̀.” Ẹ̀yin ni kí ẹ tètè sọ ọ́, nítorí ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa kò lè sọ ọ́ fún yín.