Kásẹ́ẹ̀tì Ìgbẹmọ

Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ òde òní ń sọ pé kọ̀ǹpútà máa ń fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀. Ó dára fún wọn. Èyí tí a lò ní Adó-Èkìtì, nígbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba sílẹ̀, kì í fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí iná bá ti lọ, gbogbo ohun tó mọ̀ ti bá iná lọ nìyẹn. Bí iná bá dé, á máa wò ọ́ bí ẹni tí kò rí ọ rí.

Mẹ́ta ni wọ́n. Òyìnbó kan ló kó wọn wá sí ọ́fíìsì ìlera wa, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀, ó kọ́ wa fún oṣù mélòó kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí ẹyọ kan lè dá ṣe, nítorí náà a pín in. Ọ̀kan ń ṣírò ti Adó, ọ̀kan ń ṣírò ti Ìjan, ẹ̀kẹta, tó wà lọ́dọ̀ mi, ń ṣírò ti Ìgbẹmọ. Bí kálukú bá parí, ti Adó á gba ti àwọn méjì yòókù, á sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àlejò bá wá, ọ̀gá wa á nawọ́ sí wọn, á ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Títí di òní, mi ò fẹ́ gbọ́ òwe yẹn.

Ikú ọmọdé ni a ń ṣírò. Ọdọọdún ni èéyi, àrùn tó máa ń sú sí ọmọdé lára, ń bá ọyẹ́ wọ àwọn ìlú wa, kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn ọ̀gá ní Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, ní ìlú tí ìṣirò bá fi hàn pé ó nílò rẹ̀ jù ni àwọn máa fún ní fíríìjì tó ń lo kẹrosíìnì, tí wọ́n á fi máa tọ́jú oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń jókòó lé e lórí, ìwé wa sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni nọ́ọ̀sì Ìgbẹmọ. Adó ló ti ń gba oògùn, nínú fíláàsì tí wọ́n kó yìnyín sí. Kí ọkọ̀ tó gbé e délé, yìnyín ti di omi, ooru ti pa oògùn. Síbẹ̀ ó ń gún wọn, nítorí kò sí òmíràn, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ orí ọmọ, àdúgbò rẹ̀, bóyá ó gba abẹ́rẹ́, bóyá ó yè é. Ó fi gèlè di àwọn ìwé náà, ó gbé wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Àbúrò mi, ọwọ́ rẹ ló kù sí.”

Ohun tí a fi ń pa iṣẹ́ mọ́ ni kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń gbọ́ orin. Rẹ́kọ́dà kan ṣoṣo ni àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín lò, nítorí náà a máa ń tò sí i: Adó, Ìjan, lẹ́yìn náà èmi. Kásẹ́ẹ̀tì wọ́n. Ẹyọ kan ni ìlú kọ̀ọ̀kan ní, iṣẹ́ tuntun sì ni à ń kọ lé àtijọ́ lórí. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo bẹ ọ̀gá fún òmíràn, ó ní ẹyọ kan tó fún ẹni tó bá ń ṣọ́ra. Àdéhùn wa ni pé kó tó pa ẹ̀rọ amúnáwá nírọ̀lẹ́, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò bèèrè pé, “Ṣé ẹ ti kó tiyín pamọ́?” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá yìí kì í ṣe ìkà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, ẹ̀yìn Ọjà Ọba ni ilé wọn méjèèjì, òun ló sì bá mi wá iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àgùdà ni wá, tí òun jẹ́ ọmọ Ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo gbé ìwé dání, mo kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí i, mi ò kúnlẹ̀, mo kọjá. Ó fi ẹjọ́ mi sun bàbá mi. Bàbá mi bi mí pé, “Ṣé ẹ̀rọ ló bí ọ ni?” Mo tọrọ àforíjì, mo ní kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò sì ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, a parí ìṣirò. Adó ti wọ kásẹ́ẹ̀tì, Ìjan ti wọlé, tèmi ló ń yí lọ́wọ́. Ojú ọ̀run ṣú, àrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Kò tíì pẹ́ tí àrá ba rédíò ilé ìwé kan jẹ́, ẹ̀rù sì ń ba ọ̀gá nítorí àwọn ẹ̀rọ náà. Mo sọ fún ara mi pé yóò wá pa iná. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó máa yí, mo sáré jáde láti lọ dúró níwájú swíìṣì ẹ̀rọ amúnáwá kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Mo bá ọ̀gá níbẹ̀. Ìgboro ló ti ń bọ̀, òjò ti pa fìlà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí swíìṣì. A ò tíì ríra láti àárọ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú òjò.”

Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àrá yìí ò dáa o.” Bó ṣe ń dá mi lóhùn ló fà á wálẹ̀.

“Ẹ dúró” wà lẹ́nu mi. Ẹ̀yìn ìkíni ló tò sí. Mo wà lórí eékún mi, mo ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń rọra dúró nínú yàrá. Nígbà tó yé e, ó di orí mú, ó ní, “Kí ló dé tí o ò pariwo?” Mo kórìíra rẹ̀ fún ìbéèrè yẹn. Mo ṣì kórìíra ìbéèrè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ti kú.

Iṣẹ́ tuntun kò tíì wọlé tán sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ti pa àtijọ́ rẹ́. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ padà, ti Adó ń dúró de ti Ìgbẹmọ, kò sì ṣe ohun mìíràn ju kó máa dúró lọ. A tú gèlè ẹ̀gbọ́n mi, a bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń kà á jáde fún mi, títí epo díísù fi tán nínú ẹ̀rọ amúnáwá. A ò tíì ka ìwé kejì dé ìdajì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé lọ sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú àyè òfìfo lábẹ́ Ìgbẹmọ. Ọ̀gá kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fèsì pé àwọn ò lè fi òfìfo ṣe ìpinnu.

Mo lọ sí Ìgbẹmọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ń se abẹ́rẹ́ lórí sítóòfù. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìkúnlẹ̀ mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Ó bi mí pé, “Ìgbà wo ni wọ́n á tún jókòó?”

Mo ní, “Àmọ́dún.”

Ó pa sítóòfù, ó wo ìta, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré nínú ẹrẹ̀. Ó ní, “Ọyẹ́ á ti dé kí àmọ́dún tó dé.”

Ọyẹ́ dé, èéyi sì bá a dé. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ìwé mìíràn kún. Nígbà tí ọdún yí po, tí àwọn olóṣèlú ti gba ìjọba, mo tún jókòó ti ẹ̀rọ. Ọ̀gá ti wá kásẹ́ẹ̀tì méjì méjì fún ìlú kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí mo bá tẹ̀ tán ni mo ń kó pamọ́. Ìlà kan ò sọnù. Àkúrẹ́ kọ̀wé pé àwọn gbà, wọ́n ní ohun tó jẹ́ kí àwọn yan Ìgbẹmọ ni bí ikú èéyi ibẹ̀ ṣe lọ sókè lọ́dún tó kọjá.

Lọ́jọ́ tí fíríìjì dé, àwọn àgbà ìlú wá, fádà wọ́n omi mímọ́ sí i lára. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kí ẹ̀gbọ́n mi kú oríire. Ó ń nu eruku ojú ọ̀nà kúrò lára rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn. Èdè ilé wa ló fi dá mi lóhùn.

“Ukú àwọn ọmọ ọ̀ún ni wọ́n fi rà á.”