Àṣá Méjì Lórí Ọ̀pẹ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Àyèká, ṣílè díẹ̀ ni a fi ń ra àgbébọ̀ tó sanra. Bí Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta òròmọdìyẹ kan lónìí, yóò ní irọ́ ni. Ó fẹ́ràn òròmọdìyẹ rẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ rí àṣá sójú.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, takọtabo àṣá kọ́ ìtẹ́ sórí ọ̀pẹ gíga tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Èmi àti Fúnmi, àbúrò mi, kì í kúrò nídìí rẹ̀. Bí a bá ń jẹ púpurú lọ́sàn-án, ọbẹ̀ marúgbó á máa kán sí wa láyà, ojú wa á wà lókè. Akọ á gbé eku wálé, abo á fà á ya wẹ́wẹ́ fún ọmọ wọn. Nígbà mìíràn wọ́n á kàn na apá sínú atẹ́gùn, wọ́n á máa yí po, yí po, títí oorun á fi gbé wa lọ níbi tí a jókòó sí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé a máa ń kun òròmọdìyẹ nígbà náà, kí àṣá má baà dá wọn mọ̀. Búlúù ìfọṣọ ni tiwa, osùn ni ti Ìyá Súlè, aládùúgbò wa. Síbẹ̀, mọ́kànlá tiwa di mẹ́wàá. Ìyá àgbà ní bí òmíràn bá tún lọ, Bọ̀ọ̀dá Orímisàn tó ń kọ ẹyìn ládùúgbò yóò gbé igbà rẹ̀ wá, yóò sì já ìtẹ́ náà tọmọtọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a kà wọ́n, mẹ́sàn-án ni. Ọmọ àṣá sì ti ń na apá létí ìtẹ́, ó ku díẹ̀ kó fò. A yọ́ lọ sílé Ìyá Súlè, a gbé òròmọdìyẹ rẹ̀ kan, a rì í sínú búlúù. A gbàgbé pé osùn ti wà lára rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá àgbà jáde wá fọ́n oúnjẹ fún wọn, ó wò ó títí.

"Fúnmi, ta ló bí àlùkò yìí fún mi?"

"Adìyẹ yín ni, Ìyá."

"Adìyẹ mi náà ló ń fẹnu sọ ọ́ lórí yẹn?"

Lóòótọ́ ni, ìyá adìyẹ ń lé ọmọ ọlọ́mọ kiri.

A kúnlẹ̀, a na ọwọ́ sókè. Ìyá àgbà ránṣẹ́ pe Bọ̀ọ̀dá Orímisàn. Ó ti fi igbà yí ìdí ọ̀pẹ ká nígbà tí ọmọ àṣá fò kúrò létí ìtẹ́. Ẹyẹ náà já wálẹ̀ bí imọ̀ gbígbẹ, ó wá na apá, atẹ́gùn gbà á. Àwọn òbí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà fọwọ́ bo iwájú orí, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi di tíńtín.

"Kí lo tún fẹ́ gùn lọ ṣe níbẹ̀?" ló bi Bọ̀ọ̀dá Orímisàn. "Kọ ẹyìn díẹ̀ wá fún mi." Ó wá yíjú sí wa. "Ẹ dìde. Ẹ gbé àlùkò Ìyá Súlè padà fún un."

Yunifásítì ni mo ti wá kà á pé búlúù kò lè da ojú àṣá rú. Ilé alájà ló wà níbi ọ̀pẹ náà báyìí. Adìyẹ inú yìnyín làwọn ọmọ-ọmọ mi mọ̀, wọn kì í wòkè.

Ìyá àgbà kú kí n tó gboyè. Ìyá Súlè ti lọ. Bọ̀ọ̀dá Orímisàn náà dákẹ́ lọ́dún tó kọjá. Fúnmi wà ní Ìyánsàn, orúnkún ń dùn ún. Nínú àwọn tó rí i bí ọmọ àṣá yẹn ṣe fò, àwa méjèèjì nìkan ló kù.