Amọ̀kòkò Kì Í Jókòó Lé Ìkòkò

Bí ẹ bá dárúkọ Ìyá Oyèfúnkẹ́ amọ̀kòkò ní abúlé wa, Tatonnonkon, lónìí, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rín kí wọ́n tó rántí pé olóògbé ni. Ọ̀rọ̀ wéésé Àlùhájì Àbúdùlàhí ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àlùhájì kọ́ ilé tuntun sí Adja-Ouèrè, ó fi kàró, táìsì dídán, tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀, ó sì gbé ilé ìgbẹ́ òyìnbó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní wéésé, sínú yàrá kékeré kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ, Ìyá Oyèfúnkẹ́ ní òun fẹ́ tura díẹ̀. Wọ́n fi yàrá kékeré náà hàn án, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n ṣe àdúà, wọ́n jẹun, wọ́n tún jẹun, ìyá ò jáde.

Fàdílátù, ìyàwó Ìsmáílà ọmọ ẹ̀, ni wọ́n ní kó lọ wò ó. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ohun tó ń gbọ́ nínú ilé ni kó, kó, kó. Ó ti ilẹ̀kùn, Àlùhájì sì yọjú lẹ́yìn ẹ̀. Ìyá Oyèfúnkẹ́ ni wọ́n bá lórí ìkúnlẹ̀, ó lẹ etí mọ́ wéésé, ó ń fi oríkèé ìka kàn án.

“Ìyá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?” Àlùhájì béèrè.

“Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ni. Àbúdùlàhí, ta ló mọ eléyìí?”

“Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á ní Kútọnu, Ìyá.”

“Ẹni tó mọ ọ́n mọṣẹ́. Iná ẹ̀ pé, kò síbi tó sán. Tí ẹ bá padà lọ, ẹ bá mi kí i.”

Àlùhájì wúkọ́ díẹ̀. “Ṣé ẹ ti lò ó ṣá?”

“Èmi? Amọ̀kòkò kì í jókòó lé ìkòkò. Ẹ tètè fi ọ̀nà igbó hàn mí, ọ̀rọ̀ náà ti ń kánjú.”

Èèwọ̀ tí ìyá tó bí i fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Inú ìkòkò la ti ń se oúnjẹ, inú ẹ̀ la ti ń bu omi mu, inú ẹ̀ náà la ti ń ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀. Kí amọ̀kòkò wá gbé ìdí lé e, àrífín ni. Fàdílátù tí wọ́n fẹ́ wá láti ìgboro Adja-Ouèrè kò mọ èyí. Ọ̀sẹ̀ tó dé ilé ọkọ, ó dojú ìkòkò kan délẹ̀, ó jókòó lé e láti bó ẹ̀gẹ́. Ìyá ọkọ ẹ̀ ò bá a jà. Ìkòkò ló lọ bẹ̀ níṣojú ẹ̀, ó ní kó má bínú, pé àlejò ni, kò tíì mọ ilé.

Ìyá Oyèfúnkẹ́ ò fẹ́ràn kó máa tajà bí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń tà á. Yóò kọ́kọ́ bi oníbàárà léèrè ohun tó fẹ́ fi ìkòkò ṣe. Obìnrin kan tó ti Kútọnu wá ní òun máa gbin òdòdó sínú ìṣaasùn. Ìyá gba ìṣaasùn náà lọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Òdòdó kì í jẹ ọbẹ̀.”

Ọjọ́ tí zémì Ìsmáílà, alùpùpù tó fi ń gbé èrò, kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ó tú bùjí tó ń tan iná sí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jáde. Ìyá já a gbà, ó fi èékánná ta ibi funfun tó wà lára ẹ̀.

“Amọ̀ nìyí.”

“Irin ni, Ìyá.”

“Mo ní amọ̀ ni.”

Wọ́n jiyàn títí wọ́n fi gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Félicité, tíṣà ilé ìwé wa. Félicité ní ìyá ló jàre. Ó ní àwo, kàró, wéésé àti ibi funfun ara bùjí, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn pẹ̀lú ìkòkò. Séràmíìkì ni wọ́n ń pè wọ́n níléèwé. Ohun tí a bù láti inú ilẹ̀ ni, tí a fún ní ìrísí, tí a wá sun títí tí kò fi lè padà di ẹrẹ̀ mọ́. Ti inú bùjí yìí kì í yọ́ nínú ooru, iná mọ̀nàmọ́ná ò sì lè gba inú ẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà, tí Ìsmáílà bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá ẹ̀ á kọ́kọ́ kí alùpùpù pé, “Ẹ kú iná,” kó tó kí ọmọ tó bí.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò sí eré. Fàdílátù ló ń bá a wa amọ̀ ní àbàtà ọ̀nà Oko-Akarè. Wọ́n á sá a, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á wá gún àpáàdì, àfọ́kù ìkòkò àtijọ́, mọ́ ọn kó má baà sán nínú iná. Ìyá a máa sọ pé, “Amọ̀ tuntun ò mọ iná. Ẹni tó ti wọ iná rí ni yóò mú un lọ́wọ́ wọlé.”

Ohun kan ṣoṣo ni Fàdílátù ń fẹ́ lọ́dọ̀ ìyá yìí: kó kan ìkòkò òun, kó ní ó pé. Kò gbọ́ ọ rí. Ìyá á kàn án, á tẹ́tí, á ní, “Ó ń sọ̀rọ̀, kò tíì kọrin.” Á wá gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á sì gbọ́ gbàà. Nígbà tí wọ́n bá bi Fàdílátù lọ́jà pé ṣé amọ̀kòkò lòun náà, á ní rárá, òun ṣì ń kọ́ ọ ni.

Ọdún kẹsàn-án rèé tó mọ àmù ńlá àkọ́kọ́. Ọjọ́ méje ló fi mọ ọ́n, ó fi òkúta dan ara ẹ̀, ó fi í sábẹ́ òjìji títí ó fi gbẹ, ó wá fi imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ sun ún. Ìyá kàn án, ó tẹ́tí pẹ́, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Gbàà. Fàdílátù sunkún, ó sì fi amọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìsmáílà lọ bínú sí ìyá ẹ̀.

Ìyá dáhùn pé, “Ẹni tí wọ́n bá tètè yìn, ẹ̀yìn ẹ̀ á jinná, inú ẹ̀ á tutù.”

Láti ìgbà náà, kò fọ́ ìkòkò Fàdílátù mọ́. Ṣùgbọ́n kò ní ó pé, títí ó fi kú lọ́yẹ́ tó kọjá.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, tọkọtaya náà wọ yàrá ìyá láti palẹ̀ mọ́. Àmù ìyá wà ní igun, wọ́n rì í dé ọrùn sínú yanrìn tútù kí omi ẹ̀ lè máa tutù. Àràárọ̀ ni Fàdílátù ń pọn omi kún un, ọwọ́ ìyá fúnra ẹ̀ ló sì rò pé ó mọ ọ́n. Ìsmáílà hú u jáde. Fàdílátù dojú ẹ̀ délẹ̀ láti nu yanrìn. Lábẹ́ ìdí àmù náà, ó rí ojú àtàǹpàkò mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àmì tí òun fúnra ẹ̀ máa ń tẹ̀ sídìí ìkòkò òun ni.

Ó na ìka sí i. “Èyí tí wọ́n fọ́ nìyí.”

“Kí ló wá dún lọ́jọ́ yẹn?” Ìsmáílà béèrè.

Wọ́n lọ sídìí òkìtì àpáàdì lẹ́yìnkùlé. Fàdílátù fi ọkọ́ wa ìsàlẹ̀ ẹ̀ títí ó fi kan ìdí àmù kan tó fọ́, tí ilà méjì wà lára ẹ̀. Ilà méjì yẹn, Ìyá Oyèfúnkẹ́ nìkan ló ń fà á. Àmù tirẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé ló gbé sọlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì gbé ti ìyàwó ọmọ ẹ̀ wọlé, ó ń mu omi nínú ẹ̀.

Ìsmáílà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Ìyá yìí mà kúkú burú o.” Fàdílátù náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Àárò ìyá sọ ọ́ gan-an. Ó padà wọlé, ó fi oríkèé ìka kan àmù náà, ohùn ẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

Ọjọ́ kejì, ó ṣa àfọ́kù àmù ìyá sínú odó, ó ń gún un fún amọ̀ tuntun. Oòrùn mú. Ìsmáílà wò ó títí, ó dojú ìkòkò kan délẹ̀, ó tì í sún mọ́ ọn.

“Jókòó sinmi díẹ̀.”

Fàdílátù wo ìkòkò náà, ó wo ọkọ ẹ̀.

Ó ní, “Amọ̀kòkò kì í jókòó lé ìkòkò,” ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.