Ajá Ọ̀gá Mi Jẹ Orí Ẹja

Ẹ gbà mí o, ajá ló jẹ orí ẹja mi lónìí!

Ọ̀gá mi òyìnbó ló pè mí lọ jẹun létí òkun, níbi tí àwọn olówó Lomé ti ń jẹ ẹja tí wọ́n fi igi yan.

Wọ́n gbé ẹja tèmi dé, kò lórí.

Mo bi ọmọ Nàgó tó gbé e wá: "Àbúrò, orí rẹ̀ dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ajá ọ̀gá yín ni wọ́n gé e fún."

Mo wo abẹ́ tábìlì. Ajá ń rún egungun, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbádùn oúnjẹ mi: "Bon appétit!"

Ẹ̀yin ará ọjà Adawlato, nílé tiwa, baálé ló ń jẹ orí ẹja.

Tí ọ̀gá àti ajá rẹ̀ bá wọlé síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, ta ni kí n kọ́kọ́ kí ní bonjour?